Ẹnu Ọ̀nà Kì í Ṣe Inú Ilé: Yúróòpù àti Àwọn Aládùúgbò Rẹ̀ ní Ìlà-Oòrùn

Àwọn àgbà wa ní, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Irú èrò yìí ni ó mú kí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gba àbá Póláǹdì àti Swídìn, tí ó sì dá àjọṣe kan sílẹ̀ ní ìlú Prague ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún, ọdún 2009. Orílẹ̀-èdè mẹ́fà ni ó nawọ́ sí: Ukraine, Moldova, Georgia, Armenia, Azerbaijan àti Belarus.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i: àjọṣe yìí kò sọ ẹnikẹ́ni di ọmọ ẹgbẹ́. Ó ṣèlérí òwò tí owó ibodè rẹ̀ dínkù àti ìrìn-àjò tí ó rọrùn. Ó sì bèèrè àtúnṣe nínú òfin àti ìṣèjọba.

Ìpinnu náà ní iye tirẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, Ààrẹ Yanukovych ti Ukraine kọ̀ láti fọwọ́ sí àdéhùn. Àwọn ará ìlú sì tú jáde ní Kyiv. Ní 2014, Ukraine, Moldova àti Georgia fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ọdún náà ni Rọ́ṣíà gba Crimea. Belarus dá ìkópa tirẹ̀ dúró ní 2021. Ìgbà tí ogun ńlá ti bẹ̀rẹ̀ ní 2022 ni Yúróòpù tó ka Ukraine àti Moldova mọ́ àwọn tí ó lè wọ ẹgbẹ́.

Kí ni a rí kọ́? Aládùúgbò tí a pè dé ẹnu ọ̀nà, tí a kò sọ fún bóyá yóò wọlé, òjò lè pa á níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ wa pé ẹni tí ó bá ṣe ìlérí gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ìlérí náà dé.