Nọ́ńbà Tí A Mọ̀ Pé Ó Ṣeé Pín Kí A Tó Rí Ohun Tó Pín In



Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò, mo sọ fún wọn pé oríṣi nọ́ńbà méjì ni ó wà lẹ́yìn 1. Èkíní ṣeé pín dọ́gba, bí 15, tí í ṣe 3 lọ́nà 5. Èkejì kò ṣeé pín àfi pẹ̀lú 1 àti òun tìkára rẹ̀, bí 31. Ọmọ kan nàwọ́, ó ní: “Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ǹjẹ́ ènìyàn lè mọ̀ pé nọ́ńbà kan ṣeé pín, síbẹ̀ kí ó má mọ ohun tó pín in?” Mo dáhùn kíákíá pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn mi kò tọ́, òun ni mo sì fẹ́ tún ṣe níhìn-ín.

Nínú èdè Yorùbá, orúkọ nọ́ńbà mìíràn a máa fi ohun tó pín in hàn: ọgọ́ta ni ogún mẹ́ta, ọgọ́rin ni ogún mẹ́rin. Nọ́ńbà ńlá kì í sábà tú àṣírí ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ 2 sílẹ̀ nígbà 67, ẹ sọ gbogbo wọn di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn, kí ẹ sì yọ 1 kúrò. Ohun tí ẹ óò rí ni 147,573,952,589,676,412,927.

Ní ọdún 1644, Marin Mersenne, àlùfáà ìjọ Àgùdà ní ilẹ̀ Faransé, kọ ọ́ sínú ìwé pé nọ́ńbà yìí kò ṣeé pín. Ní ọdún 1876, Édouard Lucas, ọmọ ilẹ̀ Faransé bákan náà, fi hàn pé ó ṣeé pín. Ṣùgbọ́n kò lè dárúkọ ohun kan tó pín in.

Báwo ni ó ṣe lè rí bẹ́ẹ̀? D. H. Lehmer, ará Amẹ́ríkà, mú ọ̀nà Lucas rọrùn ní ọdún 1930. Ẹ jẹ́ kí a fi 31 dán an wò, èyí tí í ṣe 2 márùn-ún tí a sọ di púpọ̀, tí a yọ 1 kúrò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí 4. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ẹ yọ 2, ẹ fi 31 pín in, kí ẹ sì mú àṣẹ́kù nìkan. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí àṣẹ́kù náà. Nítorí pé 2 márùn-ún ni a lò, ìgbà 3 ni ẹ óò ṣe é, nítorí a máa ń yọ 2 kúrò nínú iye wọn. Ẹ óò rí 14, lẹ́yìn náà 8, lẹ́yìn náà òfo. Bí ìgbẹ̀yìn bá jẹ́ òfo, nọ́ńbà náà kò ṣeé pín.

Ẹ wá mú 2,047, tí 2 mọ́kànlá wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà 9, àṣẹ́kù jẹ́ 1,736. Kì í ṣe òfo. Nítorí náà 2,047 ṣeé pín, bí a kò tilẹ̀ tíì wá ohun tó pín in. Nígbà tí a bá wá a, a óò rí i pé 23 lọ́nà 89 ni.

Ẹ ṣàkíyèsí pé bí a bá yọ 1 kúrò nínú 23 àti nínú 89, 22, èyí tí í ṣe ìlọ́po méjì 11, pín àwọn méjèèjì dọ́gba. Òfin yìí kan nọ́ńbà ńlá wa pẹ̀lú: bí a bá yọ 1 kúrò nínú ohunkóhun tó pín in, 134, ìlọ́po méjì 67, gbọ́dọ̀ pín ìyókù. Ó dín iṣẹ́ wíwá kù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ṣì pọ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1903, F. N. Cole dìde níwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò Amẹ́ríkà. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé kò fọhùn rárá. Ó kàn sọ 193,707,721 di púpọ̀ pẹ̀lú 761,838,257,287 lórí pátákó, nọ́ńbà Mersenne sì jáde. Lónìí kọ̀ǹpútà lè rí i kíákíá.

Mo padà sọ fún ọmọ náà pé òun ló tọ́, èmi ni mo ṣìnà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ fi ọ̀nà yìí dán 127 wò. 2 méje ni ó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ìgbà 5 ni ẹ óò ṣe é. Ṣé ó ṣeé pín?