Oúnjẹ Ṣáájú Ọ̀bẹ: Lẹ́tà sí Àbúrò Tí Ó Ti Jò

Sí àbúrò ọ̀wọ́n ní Òṣogbo,

Iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara tí àwọn tí ó ti jò gidigidi ń ṣe, níbi tí dókítà ti ń gé awọ tí ó ti fẹ̀ ju ara lọ kúrò ní ikùn, ní apá tàbí ní itan, kì í ṣe ọ̀nà láti túbọ̀ jò. Awọ ni ó ń tún ṣe, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ sì máa ń gùn, débi pé ti ẹlòmíràn a yí ìbàdí ká. Irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè jiná dáadáa bí ara kò bá ní ohun tí yóò fi dí i, ìdí sì nìyẹn tí lẹ́tà yìí fi dá lé oúnjẹ, tí kò dá lé ẹwà tàbí owó. Inú gbogbo ẹbí ni ó dùn sí iṣẹ́ ńlá tí àbúrò ti ṣe lórí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó mọ̀ pé ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀ oṣù jẹun díẹ̀ kì í pàdánù ọ̀rá nìkan. Ẹran ara ń lọ, irin inú ẹ̀jẹ̀ ń lọ, fítámì náà ń lọ, òṣùwọ̀n kò sì lè sọ èyí fún un, nítorí pé kílò nìkan ni òṣùwọ̀n ń kà.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní ìtàn nínú ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ń wọn àwọn ọmọdé ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé lóṣooṣù, ó sì ń fa ìlà ìwọ̀n wọn sórí káàdì tí ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ ń tọ́jú, kí àìjẹunre lè hàn lójú ìlà náà kí àìsàn tó gbé ọmọ dè. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lẹ́yìn náà. Ohun tí Morley rí ni pé ìwọ̀n ọjọ́ kan kò sọ nǹkan púpọ̀, àfi ìlà ọ̀pọ̀ oṣù. Ti ọmọdé gbọ́dọ̀ máa gòkè, ṣùgbọ́n ti ẹni tí ó ń múra fún iṣẹ́ abẹ yìí gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ fún ó kéré tán oṣù 3, ọ̀pọ̀ dókítà a sì fẹ́ oṣù 6. Ẹni tí ó sì jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ tí ń dín àpò oúnjẹ inú ikùn kù ni ó fi jò, oṣù 12 sí 18 ni wọ́n sábà máa ń ní kí ó dúró. Ara tí ó ṣì ń jò ṣì ń jẹ ara rẹ̀, awọ tí wọ́n bá sì fà le fún un lónìí yóò tún rọ̀ lọ́la.

Ní ti oúnjẹ fúnra rẹ̀, purotéènì ni ó ṣe kókó jù lọ. Èyí ni èròjà inú oúnjẹ tí ara fi ń kọ́ ẹran, tí ó fi ń ṣe kọlajíìnì, ìyẹn fọ́nrán tí ó ń so etí ọgbẹ́ méjèèjì pọ̀, tí ó sì fi ń ṣe àwọn ohun tí ń bá kòkòrò àrùn jà. Gíráàmù 60 sí 100 lójúmọ́ ni wọ́n sábà máa ń dámọ̀ràn, dókítà ni yóò sì sọ èyí tí ó bá a mu, pàápàá bí kíndìnrín kò bá dá ṣáká. Ẹyin kan ní nǹkan bíi gíráàmù 6, ife ẹ̀wà sísè kan ní nǹkan bíi 13, ẹja tàbí adìẹ sísè tí ó wọn gíráàmù 100 sì ní 20 sí 30. Ẹyin méjì láàárọ̀, ẹ̀wà àti ẹja lọ́sàn-án, adìẹ tí ó tóbi lálẹ́, ó ti dé ibi tí ó ń lọ. Ṣùgbọ́n òkè iyán pẹ̀lú ẹran tí kò ju ìka lọ kò lè gbé e débẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí le létí ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó kọ iyán sílẹ̀ pátápátá, àmọ́ kí ẹja, ẹyin tàbí ọ̀lẹ̀ kọ́kọ́ wọ ẹnu kí òkèlè tó tẹ̀ lé e, nítorí pé ikùn tí ó ti súnkì máa ń tètè yó. Àṣà kan sì wà nínú ilé, tí ìyàwó ilé a bu ẹran fún ọkọ àti ọmọ tán, tí òun a wá fi omi ọbẹ̀ jẹun. Kí àbúrò jáwọ́ nínú rẹ̀ láàárín àwọn oṣù yìí, kí ó má bẹ̀rù pé ẹnikẹ́ni yóò pè é ní wọ̀bìà. Kí ó má sì tún máa fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí kílò méjì tí ó kù, torí pé bí oúnjẹ bá kéré jù, ara a máa jó purotéènì bí igi ìdáná dípò kí ó fi kọ́lé.

Lẹ́yìn purotéènì, ẹ̀jẹ̀ ni. Hìmóglóbìnì ni èròjà pupa tí ó ń gbé afẹ́fẹ́ tí a mí sínú lọ síbi ọgbẹ́. Obìnrin tí kò lóyún tí tirẹ̀ kò tó gíráàmù 12 nínú dẹsilítà ẹ̀jẹ̀ kan ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kà sí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Irin inú ẹran, ẹ̀dọ̀ àti ẹja ń tètè wọ ara. Ti inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà nílò fítámì C láti bá a wọlé, nítorí náà kí ó jẹ ọsàn tàbí gúáfà mọ́ ọn, kí ó sì jẹ́ kí tíì jìnnà sí àsìkò oúnjẹ. Fítámì C yìí kan náà ni ara ń lò láti ṣe kọlajíìnì, gúáfà sì ní i ju ọsàn lọ ní ìlọ́po mélòó kan. Síǹkì àti fítámì A náà ní iṣẹ́ nínú jíjiná ọgbẹ́. Ẹni tí wọ́n ti dín àpò oúnjẹ inú ikùn rẹ̀ kù kì í rí irin àti fítámì B12 fà dáadáa mọ́, ó sì ń nílò oògùn wọn títí ayé. Síbẹ̀, kí àbúrò má ra oògùn fítámì lọ́jà ní ìràkurà, nítorí pé fítámì A tí ó pọ̀ jù a máa di májèlé. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ ṣe, bóyá ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo tàbí ní Wesley Guild, kí ó sì ṣe é ní oṣù mélòó kan ṣáájú, nítorí irin kì í kún padà lọ́sẹ̀ kan.

Ààwẹ̀ ni ó ń kọni lóminú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé àwọn ènìyàn rere máa ń gbààwẹ̀ kí iṣẹ́ abẹ lè yọrí sí rere, wọn a sì wọ yàrá iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú ara tí ó ti gbẹ. Àwọn ará ilé ni yóò gba ààwẹ̀ náà. Kí àbúrò jẹun kí ó sì gbàdúrà. Àgbo àti tíì tí wọ́n ń tà fún jíjò, púpọ̀ nínú wọn ń mú ni yàgbẹ́ ni, omi àti iyọ̀ ara ni wọ́n ń kó lọ. Kí ó sọ gbogbo wọn fún dókítà, pẹ̀lú áspírìn àti egbòogi tí a fi ayù tàbí atalẹ̀ ṣe, nítorí wọ́n lè mú kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kí ó tó dá. Sìgá àti aáṣáà kò gbọ́dọ̀ sí lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 4 ṣáájú, torí pé wọ́n ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pa ní etí ọgbẹ́.

Ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ tí ó wà lọ́kàn àwọn àgbà ilé kò ṣẹ̀yìn ikú Stella Ọbásanjọ́, ìyàwó Ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, ní Marbella ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2005, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń fa ọ̀rá ikùn. Àìjẹunre kọ́ ni ó pa á, páìpù tí wọ́n fi ń fa ọ̀rá náà tí ó wọ ibi tí kò yẹ ni, ilé ẹjọ́ sì dá dókítà tí ó ṣe iṣẹ́ abẹ náà lẹ́bi àìbìkítà ní ọdún 2009. Oúnjẹ rere kò lè dípò ọwọ́ tí ó mọṣẹ́, nítorí náà kí àbúrò béèrè ìwé ẹ̀rí dókítà rẹ̀ láìtijú.

Ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, oúnjẹ líle sábà máa ń dúró ní wákàtí 6 ṣáájú, omi lásán ní wákàtí 2, àfi bí dókítà tí yóò fún un ní oògùn oorun bá sọ nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn rẹ̀, omi tí ó ń gba inú páìpù kékeré jáde lára ọgbẹ́ ní purotéènì nínú, oúnjẹ kò sì gbọ́dọ̀ dín kù ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn. Ọ̀lẹ̀ tí ó ní ẹyin àti ẹja nínú yóò máa ti Iléṣà wá. Kí àbúrò tètè fi ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún un ránṣẹ́, kí àwọn ará ilé lè ra ẹ̀wà sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Iléṣà