Ìpìlẹ̀ Ọ̀rọ̀ ‘Balletomane’: Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́ Èdè

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá pàdé ọ̀rọ̀ àjèjì a máa fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, a sì máa túmọ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, balletomane, fi hàn pé ọ̀nà yìí lè ṣini lọ́nà.

Mọ́fíímù méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Fáwẹ̀lì o ni ó so wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ballet, tí èdè Faransé yá láti inú balletto ti èdè Ítálì, èyí tí ó túmọ̀ sí ijó kékeré. Èkejì wá láti inú mania ti èdè Gíríìkì, tí ó túmọ̀ sí wèrè. Síbẹ̀, ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni wọ́n ti hun méjèèjì pọ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, baletoman ni wọ́n ń pe òǹwòran tí kì í fẹ́ kí ijó ballet kankan kọjá òun. Ní 1909, Sergei Diaghilev kó àwọn oníjó Rọ́ṣíà lọ sí Paris; ní 1911, wọ́n jó ní London. Ìfẹ́ ijó náà gbilẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì tẹ̀lé e. Ìwé Arnold Haskell, Balletomania, tí ó jáde ní 1934, mú kí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá tẹ̀lé mọ́fíímù nìkan yóò kọ ‘wèrè oníjó’. Àṣìṣe méjì ni èyí. Balletomane kì í ṣe oníjó, òǹwòran ni. Bákan náà, èébú ni wèrè sábà máa ń jẹ́ lẹ́nu Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ìyìn pẹ̀lú àwàdà díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà gbé dání. Ọtí ni Yorùbá fi ń ṣàpèjúwe irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀: ‘Ijó ballet ń pa á bí ọtí.’ Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ ni a nílò, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- wà. Yorùbá ti ní àwòmáleèlọ fún ìran tí ó dùn ún wò. Lórí àpẹẹrẹ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣẹ̀dá awojómáleèlọ fún ẹni tí ń wò ó.

Olùkọ́ Haúsá, Ìgbò, Ẹ̀dó tàbí Ẹ́fíìkì lè gbé iṣẹ́ kan náà fún kíláàsì rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí? Kí ni onítọ̀hún ń ṣe? Ṣé ìyìn ni àbí èébú? Lẹ́yìn náà ni kí ó wá ohun tí èdè tirẹ̀ fi ń ṣàpèjúwe ìfẹ́ tí ó kọjá ààlà.