Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ka Ìtọ́kasí

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí, ọ̀pọ̀ yín ni kì í tíì bọ́jú láàárọ̀ tí yóò ti lọ wo Google Scholar, bóyá àwọn tó tọ́ka sí iṣẹ́ rẹ̀ ti lé sí i. N kò bá yín wí, ìgbéga wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi Shelomo Dov Goitein ṣe àpẹẹrẹ fún yín, òpìtàn àwọn Júù tó gbé láàárín àwọn Lárúbáwá láti nǹkan bí ọdún 950 sí 1250.

1. Bí ọ̀nà bá yà, ẹ bá a yà. Jámánì ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1900. Ọ̀rọ̀ àdúrà nínú Kùránì ló fi gboyè ọ̀mọ̀wé ní Frankfurt. Ó kó lọ sí Palẹ́sítínì ní 1923, ó ṣe tíṣà ní Haifa, ó sì di olùkọ́ ní Yunifásítì Hébérù ní Jerúsálẹ́mù. Ó ti ń sún mọ́ ẹni 50 ọdún, ní Budapest ní 1948, kí ó tó kojú mọ́ àwọn ìwé Geniza tí a fi ń rántí rẹ̀ lónìí.

2. Ẹ má fojú di ohun tí àwọn ọ̀gá yín pa tì. Geniza yìí jẹ́ iyàrá kan nínú sínágọ́gù Ben Ezra ní Fustat, ìyẹn Káírò àtijọ́. Àwọn Júù ibẹ̀ kì í sọ ìwé tí orúkọ Ọlọ́run lè wà nínú rẹ̀ nù. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó o sí, àti ìwé àdúrà àti ìwé gbèsè. Ní 1897, ọ̀mọ̀wé Solomon Schechter kó nǹkan bí 190,000 ègé rẹ̀ lọ sí Cambridge. Ìwé ẹ̀sìn àti ewì ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ń ṣà nínú rẹ̀. Goitein mú lẹ́tà oníṣòwò, ìwé ilé ẹjọ́, àti ìwé tí wọ́n ka ẹrù ìyàwó sí lẹ́yọ lẹ́yọ, tòun ti iye owó wọn.

Ẹ gbọ́ ọ̀kan. David, àbúrò Moses Maimonides, gbajúmọ̀ onímọ̀ òfin àwọn Júù, kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti Aydhab létí Òkun Pupa. Òun àti ẹnì kan ṣoṣo ló la aṣálẹ̀ kọjá láìbá ọ̀wọ́ èrò rìn. Àwọn tó bá ọ̀wọ́ rìn gan-an ni olè kọlù, tí òùngbẹ sì pa nínú wọn. Kò rí ọjà gidi kan rà ní Aydhab àfi aró, ló bá ní Íńdíà ló kù. Ó bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó bá òun tu ìyàwó òun nínú. Òkun Íńdíà ló gbé e lọ. Maimonides tí òkìkí rẹ̀ kan gbogbo ayé, nínú ègé ìwé yìí, ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ń bẹ̀ pé kó má mikàn ni.

3. Ẹ ṣe é kí ẹlòmíì lè rí i lò. Nǹkan bí 27,000 káàdì ni Goitein kọ: iye aṣọ kan, orúkọ oníṣòwò kan, owó orí kan. Yunifásítì Princeton ti gbé àwòrán wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

4. Ẹ ní sùúrù. Ọdún 1967 ni apá kìíní ìwé ńlá rẹ̀, *A Mediterranean Society*, jáde, ó ti di ẹni 67 ọdún. Apá karùn-ún jáde ní 1988, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìwé rẹ̀ lórí òwò Íńdíà, ọ̀mọ̀wé Mordechai Friedman ló parí rẹ̀, ó jáde ní 2008. Ìgbìmọ̀ ìgbéga wo ni yóò dúró dè é lónìí!

5. Ẹ kò lè yan ẹni tí yóò tọ́ka sí yín. Òǹkọ̀wé Amitav Ghosh rí ẹrú oníṣòwò kan tó ń gbé Mangalore nínú àwọn lẹ́tà Geniza, ó fi kọ *In an Antique Land* ní 1992. Ní 1989, Avner Greif, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, fi wọ́n ṣàlàyé bí oníṣòwò ṣe ń fọkàn tán aṣojú tó wà lókèèrè láìgbẹ́kẹ̀ lé ilé ẹjọ́. Ní 2012, Jeremy Edwards àti Sheilagh Ogilvie ta kò ó: ilé ẹjọ́ wà níbẹ̀, wọ́n sì ń lò ó. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n jọ ń fà.

6. Bí ẹ bá fẹ́ tọ́ka sí Goitein, ẹ má dúró lórí ìwé rẹ̀. Ẹ ṣí àwòrán lẹ́tà náà gan-an, èdè Lárúbáwá tí wọ́n fi álífábẹ́ẹ̀tì Hébérù kọ. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti tún àwọn ibì kan tó kà ṣe, wọ́n sì ń tọ́ka sí i síbẹ̀.