Ẹ̀KỌ́ KẸSÀN-ÁN: ẸNI TÓ Ń SE Ẹ̀WÀ

Ní Ìdó, ẹ̀wà pọ̀ lọ́jà. Òkè Ọya ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Nígbà tí ó fi di ọdún 1912, ojú irin ti so Ìdó pọ̀ mọ́ Kánò.

Oríṣiríṣi ni ẹ̀wà. Ẹ̀wà olóyin dùn, ó sì tètè jinná. Ẹ̀wà funfun dára fún àkàrà àti mọ́ínmọ́ín. Òtílí le, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú.

Ẹ ṣa òkúta kúrò. Ẹ fọ ẹ̀wà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ gbé e kaná pẹ̀lú omi tó pọ̀. Bó bá rọ̀, ẹ fi iyọ̀, ata, àlùbọ́sà àti epo sí i. Kánún ń jẹ́ kó tètè rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń ba díẹ̀ nínú ohun tó ń ṣe ara lóore jẹ́.

Ẹ gbọ́ o! Àwọn kan ń da oògùn apakòkòrò sí ẹ̀wà kó má baà bàjẹ́. Oògùn yìí lè pa ènìyàn. Nítorí rẹ̀ ni àwọn ìjọba Yúróòpù fi kọ ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà ní ọdún 2015. Kí ẹ tó sanwó, ẹ sọ fún ìyá ọlọ́jà pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ n gbóòórùn rẹ̀ ná.” Bó bá ń rùn oògùn, ẹ fi sílẹ̀. Sísè kò sọ májèlé di oúnjẹ.

Nílé, ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ, kó kún, kí ẹ dé e pinpin. Kòkòrò tí kò rí afẹ́fẹ́ yóò kú.

Ìbéèrè
1. Ẹ̀wà wo ni ẹ ó fi ṣe àkàrà?
2. Kí ni ẹ ó ṣe kí ẹ tó sanwó?