Ọwọ́ tí a kò nà sókè: Ẹ̀kọ́ lórí ìbò dídì nínú ìgbìmọ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ará wa ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, nínú ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ni a ti ń rí àwọn tí kì í na ọwọ́ sókè, yálà láti gba àbá tàbí láti kọ̀ ọ́. Wọ́n rò pé àárín ni àwọn dúró sí. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Èkíní. Kí a sọ pé ènìyàn 15 jókòó ní Òmù-Àrán láti pinnu bóyá a ó tún òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ ṣe. Àwọn 7 fẹ́, àwọn 5 kọ̀, àwọn 3 dákẹ́. Bí òfin ìgbìmọ̀ bá ní kí a ka kìkì àwọn tí ó dìbò, 7 borí 5. A ó tún òrùlé ṣe. Ṣùgbọ́n bí òfin bá ní kí ó ju ìdajì gbogbo àwọn tí ó jókòó lọ, 8 ni a ń wá; àbá ṣubú. Àwọn 3 náà ti di alátakò, bí wọn kò tilẹ̀ pète rẹ̀.

Èkejì. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 pàápàá fi ìyàtọ̀ sí i. Ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Kwara, tí ó ní ọmọ ilé 24, àwọn tí ó wà níjòókòó tí ó sì dìbò ni a ń kà fún ọ̀ràn ojoojúmọ́. Ṣùgbọ́n láti yọ gómìnà, ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé, èyí ni 16, ni ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Níbẹ̀, ẹni tí ó dákẹ́ àti ẹni tí kò wá rárá dàbí ẹni tí ó kọ̀.

Ẹ̀kẹta. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2014, a gbé àbá kan lórí ọ̀ràn Palẹ́stínì síwájú Ìgbìmọ̀ Ààbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ìbò 9 nínú 15 ni a ń wá. Orílẹ̀-èdè 8 fẹ́, 2 kọ̀, 5 fà sẹ́yìn. Nàìjíríà wà nínú àwọn 5 náà. Lóòótọ́, Amẹ́ríkà, tí ìkọ̀ rẹ̀ nìkan tó láti pa àbá, wà nínú àwọn tí ó kọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò dé ibẹ̀, nítorí ìbò kò pé.

Nítorí náà, kí alága ka òfin ìbò sí etí gbogbo ènìyàn kí a tó na ọwọ́, kí akọ̀wé sì kọ iye àwọn tí ó dákẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Káfíńtà tí yóò gba iṣẹ́ òrùlé náà ṣe rere bí ó bá fà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìbẹ̀rù ojú ènìyàn pa lẹ́nu mọ́, kí ó rántí pé òjò ń rọ̀ sórí àwọn ọmọdé. Àwọn baba wa ní, ẹni tí ó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Nínú ìgbìmọ̀, ti ọmọ ẹlòmíràn a bá a dákẹ́ pẹ̀lú.