Orí Gbígbóná Nídìí Ìwé: Ẹ̀kọ́ Lórí Sísọ Àrùn Ọpọlọ Lórúkọ

Bí ibà bá dá ẹnì kan nínú wa dùbúlẹ̀, a lè gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára rẹ̀, kí a fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, kí a sì rí kòkòrò tí ń bá a jà. Púpọ̀ nínú àrùn ọpọlọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí aláìsàn bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, ohun tí àwọn ará ilé rẹ̀ bá rò, àti ohun tí oníṣègùn bá fi ojú rí, nínú ìwọ̀nyí ni orúkọ àrùn náà ti ń jáde. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀kan wò nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀, nítorí ó kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ gidigidi.

Ní ọdún 1960, Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Arò, ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àìsàn kan tí ó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà. Orí wọn a máa gbóná bí ẹni pé iná ń jó nínú rẹ̀. Ọrùn a máa ro wọ́n. Ojú a sì máa ṣú wọn bí wọ́n bá ti ṣí ìwé. Wọn a ka ojú ewé kan tán, wọn kò sì ní mọ ohun tí wọ́n kà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ni wọ́n pè é ní “brain fag”, èyíinì ni pé ọpọlọ wọn ti rẹ̀; Prince sì gba orúkọ náà lẹ́nu wọn.

Orúkọ yìí ṣe oore. Ní ilé ìwé tí mo ti kọ́kọ́ kàwé, ọmọkùnrin kan tí a jọ ń jókòó lórí àga kan náà a máa pa ìwé rẹ̀ dé, a sì máa di orí mú. Ọ̀lẹ ni olùkọ́ pè é. Pàṣán ni ó sì fi wò ó. Ìbá ṣe pé olùkọ́ náà mọ̀ pé àwọn oníṣègùn ti kọ irú ìyà bẹ́ẹ̀ sínú ìwé, bóyá ì bá dá ọwọ́ dúró. Orúkọ a sì máa jẹ́ kí àwọn oníṣègùn tí ó jìnnà síra gbọ́ ara wọn yé. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìbéèrè kan náà wo àwọn aláìsàn ní ibi mẹ́sàn-án, tí Ìbàdàn, Lọ́ńdọ̀nù, Mọ́síkò àti Agra wà nínú wọn, ìròyìn 1973 fi hàn pé wọ́n bá àrùn líle tí a ń pè ní schizophrenia pàdé ní gbogbo ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí agbára orúkọ pin sí. Ní 1994, ìwé tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń to àrùn sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ka “brain fag” mọ́ àwọn àrùn tí ó jẹ́ ti ẹ̀yà kan tàbí òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni, kí ọdún 1900 tó dé, àwọn ará Bìrìtìkó ti ń fi orúkọ yìí gan-an pe àárẹ̀ àwọn tí ń kàwé àkàjù láàrin ara wọn! Wọ́n jù ú nù, a sì wá kà á sí tiwa. Nígbà tí ìwé náà tún jáde ní 2013, “brain fag” kò ní àyè tirẹ̀ mọ́ nínú àkójọ náà. Èmi kò rò pé orí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tutù lọ́jọ́ náà.

Orúkọ kò sì sọ ìdí. Prince rò pé ẹ̀kọ́ Òyìnbó, tí ń fi olúkúlùkù sílẹ̀ ní òun nìkan pẹ̀lú ìwé rẹ̀, kò bá ìgbé ayé àjùmọ̀ṣe wa mu. Àwọn mìíràn wí pé àníyàn tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni ó ń fara hàn lórí àti lójú. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo lójú mi, nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ní ìtọ́jú; oníṣègùn tí ó bá sì dúró lórí orúkọ nìkan lè ṣàì wá a kiri.

Nítorí náà, bí ọmọ ilé ìwé bá sọ fún ọ pé orí òun ń jó, bi í bí ó ti ń sùn, bí ó ti ń jẹun, ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, àti ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nílé, kí o tó rán an lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Ọmọkùnrin tí a jọ ń jókòó kò padà wá ní ọdún kejì. Èmi pàápàá kò bi í léèrè rí.